Ẹ̀jẹ̀ Abẹ́ Tábìlì Ìlọṣọ

Funfun-Báláú ni àwọn oníbàárà ń pè é. Bí aṣọ funfun bá ti ọwọ́ rẹ̀ jáde, ẹni tó ni ín á nà án sókè, á fún ojú pọ̀, á ní, "Ṣé tèmi nìyí ṣá?" Alágbàfọ̀ náà kì í dáhùn. Á kàn tọ́ka sí ẹ̀yìn ọrùn ẹ̀wù náà, níbi tó ti fi òwú pupa gán àmì oníbàárà sí, á sì padà sídìí áyọ́ọ̀nù rẹ̀. Kì í ṣe ẹni tí ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu rẹ̀. Ìyá rẹ̀ máa ń sọ pé ọjọ́ tí wọ́n ń pín ọ̀rọ̀ fáyé, aṣọ ni ọmọ òun ń fọ̀ lọ́wọ́.

Ìsọ̀ rẹ̀ jẹ́ yàrá kan ní ìsàlẹ̀ ilé alájà kan. Òun àti ìyá rẹ̀ ń gbé lókè. Ilẹ̀kùn iwájú kọjú sí òpópónà, ti ẹ̀yìn kọjú sí àgbàlá tó ta okùn ìsáṣọ sí. Tábìlì ìlọṣọ tó gba àárín yàrá náà wúwo débi pé kò sẹ́ni tó ń ṣí i nípò. Sìmẹ́ńtì lásán ni ilẹ̀ náà, àmọ́ ó funfun ju ògiri àwọn ẹlòmíì lọ. Òfin kan wà tí ọ̀gá tó kọ́ ọ níṣẹ́ fi lé e lọ́wọ́: aṣọ funfun tó bá já bọ́ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ dìde ní funfun. Nítorí náà, bí iṣẹ́ bá ti parí nírọ̀lẹ́, gbogbo omi bílíìṣì tó bá ṣẹ́kù nínú báàfù, ilẹ̀ ló ń dà á sí. Á fi ìgbálẹ̀ gbá a káàkiri, á sì gbá a jáde sí gọ́tà. Bó ṣe ń ṣe é láti ìgbà èwe rẹ̀ nìyẹn.

Ó ní àbúrò kan, ọmọ ìyá kan náà. Ẹsẹ̀-Ò-Dúró ni inagijẹ tirẹ̀. Kò síṣẹ́ tí kò dán wò rí, kò sì sí èyí tó pẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Á lọ láì dágbére, á padà láì kọ́wọ́ kanlẹ̀kùn, á ní kí ni wọ́n sè. Ìgbà tó padà wá kẹ́yìn, ìyá wọn ní kó máa bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ aṣọ. Ó mọ̀ ọ́n lọ̀ o. Àmọ́ aṣọ aláṣọ máa ń wọ̀ ọ́ lójú.

Láàárín àwọn alágbàfọ̀, ẹ̀ṣẹ̀ pọ̀. Ẹni tó jó aṣọ lè bẹ̀bẹ̀. Ẹni tó sọ bọ́tìnnì nù lè rán òmíràn. Ọ̀kan ṣoṣo ni kò ní ìdáríjì: kí èèyàn wọ aṣọ oníbàárà jáde. Ẹni tó bá ṣe ìyẹn ti wó ìsọ̀ náà lulẹ̀ láì fi àáké kàn án.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Ẹsẹ̀-Ò-Dúró ti òpópónà wọlé pẹ̀lú kóòtù funfun ọkọ ìyàwó kan lọ́rùn. Òróró ọkọ̀ ti bá apá rẹ̀ jẹ́. Kóòtù náà, ọjọ́ kejì ni ẹni tó ni ín fẹ́ wá gbà á.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò mọ ìgbà tí ohùn òun ròkè. "Màá pa ọ́ lónìí! Bí mi ò bá pa ọ́ lónìí, a jẹ́ pé kì í ṣe ìyá wa ló bí mi!"

Ní òdìkejì òpópónà, aránṣọbìnrin kan dá ẹ̀rọ rẹ̀ dúró láti gbọ́ èyí tó kù.

Ta ni kò sọ irú ẹ̀ rí? Ìyá ń sọ ọ́ fún ọmọ tó da iyọ̀ nù. Ẹ̀rín ló sábà máa ń tẹ̀lé e. Àmọ́ ojú ti Funfun-Báláú, ó sì ti ilẹ̀kùn. Inú yàrá tó tì náà ni ọwọ́ rẹ̀ ti dìde. Ẹ̀ṣẹ́ kan ṣoṣo ni. Imú ló bá.

"Bùọ̀dá, èmi lẹ lù?" Àbúrò rẹ̀ sọ ọ́ jẹ́ẹ́, bí ẹni tó ń béèrè ọ̀nà. Ó di ẹsẹ̀ tábìlì mú, ó dorí kodò, ẹ̀jẹ̀ sì ń kán tó, tó, tó sí ìdí igi náà. Nígbà tó ṣe, ó bọ́ kóòtù, ó ká a dáadáa, ó wọ ẹ̀wù ara rẹ̀, ó fi àkísà dí imú. "Ó dáa. Ẹ ò ní rí mi mọ́." Ẹ̀yìnkùlé ló gbà jáde. Kò sẹ́ni tó rí i.

Nírọ̀lẹ́, Funfun-Báláú da bílíìṣì sílẹ̀ bó ṣe ń dà á, ó sì gbá a jáde.

*

Bí Ẹsẹ̀-Ò-Dúró ṣe lọ kò jọ ẹnikẹ́ni lójú. Ìyá wọn ò tilẹ̀ béèrè, títí fóònù kan fi bẹ̀rẹ̀ sí í dún nínú ìsọ̀, lábẹ́ òkìtì aṣọ tí wọn ò tíì fọ̀. Ìyá arúgbó náà mọ ohùn fóònù ọmọ rẹ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó tú òkìtì náà, ó gbé fóònù náà sí àtẹ́lẹwọ́, ó ń wò ó.

"Ọmọ yìí lè gbàgbé ìyá rẹ̀," ó ní. "Kò lè gbàgbé fóònù."

Òun fúnra rẹ̀ ló gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó wá jẹ́ ọkùnrin gíga kan tó ń fi áńkáṣíìfù nu ọrùn láìdákẹ́. Ọ̀dọ̀ aránṣọ ló kọ́kọ́ yà sí. Ìgbà tó fi sọdá òpópónà, ó ti mọ ohun tó fẹ́ béèrè.

"Wọ́n ní ẹ̀yin méjèèjì jà."

"Eyín àti ahọ́n máa ń jà."

"Òótọ́ ni, bàbá. Àmọ́ ahọ́n ò tíì sọnù rí."

Funfun-Báláú gbé áyọ́ọ̀nù sórí ìdúró rẹ̀. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ náà wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀.

"Ẹ fọwọ́ kàn án?"

Ìyá rẹ̀ dúró lórí àtẹ̀gùn, ó di irin rẹ̀ mú. Bàbá wọn ni ó fọ́ eyín iwájú ìyá náà méjì, tipẹ́tipẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n sin ọkùnrin náà, ìyá náà di ọwọ́ àkọ́bí rẹ̀ mú níbi ibojì, ó ní, "Ọwọ́ yìí, kó má jọ tirẹ̀." Alágbàfọ̀ náà ò gbàgbé.

"Rárá," ó ní. "Mi ò fọwọ́ kàn án."

Bó ṣe sọ ọ́ tán ni ẹ̀rù dé. Kì í ṣe ẹ̀rù ńlá. Ó kéré, ó tutù, ó sì jókòó síbì kan lábẹ́ egungun àyà rẹ̀ bí ẹni tí kò ní kánjú lọ.

*

Obìnrin tó ń yẹ àbàwọ́n ẹ̀jẹ̀ wò fún àwọn ọlọ́pàá wá ní ọ̀sán ọjọ́ kan. Ó kúrú, ohùn rẹ̀ lọlẹ̀, ó gbé àpótí dání. Màdáàmù ni ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ń pè é. Ó wọ ẹ̀wù funfun, Funfun-Báláú sì rí i pé sítáàṣì rẹ̀ pọ̀ jù, ó ti ń fọ́ létí àpò. Ojú iṣẹ́ kì í sùn, kódà níbi tí ikú wà.

"Ta ló ń bá yín lọ ẹ̀wù yìí?" ó bi í, kó tó mọ̀ pé òun ti lanu.

Obìnrin náà wo ara rẹ̀. "Ọkọ mi ni. Ẹ má bá a wí, ó ń gbìyànjú."

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n kan aṣọ dúdú mọ́ fèrèsé àti gbogbo ihò ilẹ̀kùn. Ó ṣàlàyé fún wọn: ó ní omi kan tó máa fín sílẹ̀. Bí omi náà bá bá ẹ̀jẹ̀ pàdé, kódà ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n ti fọ̀, á tan ìmọ́lẹ̀. Ojú ò lè rí ìmọ́lẹ̀ náà àfi nínú òkùnkùn.

Ìyá arúgbó náà ní òun ò kúrò. "Ọmọ mi lẹ ń wá. Kí n lọ síbo?" Wọ́n fi í sílẹ̀ nídìí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn.

Òkùnkùn tó bò wọ́n lọ́sàn-án gangan náà ṣú ju ti òru lọ. Funfun-Báláú ń gbọ́ bí ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ṣe ń mí. Ó gbọ́ tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í fín, sìì, sìì, bí ìgbà tí òun ń wọ́n omi sáṣọ kí òun tó lọ̀ ọ́. Ojú rẹ̀ lọ sí ìdí tábìlì. Ó ń gbàdúrà sí igi.

Ilẹ̀ tàn.

Kì í ṣe ìdí tábìlì. Gbogbo ilẹ̀ ni. Ìmọ́lẹ̀ aláwọ̀ aró jáde láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹsẹ̀ ògiri, ó ń ṣẹ́jú, ó ń sá, ojú ọ̀nà tí ìgbálẹ̀ ń gbà sì hàn gbangba nínú rẹ̀, ó yí po, ó tún yí po, títí dé ibi tí gọ́tà wà. Ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ méjèèjì tó dúdú láàárín rẹ̀.

"Ikú dé," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní. "Èèyàn mélòó ló kú síbí?"

Ìyá náà ò kígbe. Ìyẹn ló burú jù. Ọmọ rẹ̀ kàn rí i tó fa ẹsẹ̀ ọ̀tún sẹ́yìn, tó fa tòsì tẹ̀lé e, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi kúrò lórí ilẹ̀ tó ń tàn náà pátápátá.

Funfun-Báláú jókòó sílẹ̀. Fún ìṣẹ́jú àáyá kan, òun náà gbà á gbọ́. Bóyá mo pa á, ó rò. Bóyá mo pa á, tí mi ò sì mọ̀.

"Ẹ jẹ́ ká mú sùúrù ná," Màdáàmù ní nínú òkùnkùn. "Alágbàfọ̀, kí lẹ fi ń fọ ilẹ̀ yìí?"

"Bílíìṣì."

"Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan?"

"Ojoojúmọ́, Màdáàmù. Láti ìgbà tí mo ti dé ibí."

Obìnrin náà mí sókè. Ìmọ́lẹ̀ ilẹ̀ náà ti ń kú lọ. Ó ní kí wọ́n ṣí fèrèsé.

"Ẹ̀jẹ̀ máa ń tan, bílíìṣì náà máa ń tan," ó ní fún ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ tó ti ń wá ẹ̀wọ̀n ọwọ́ nínú àpò. "Omi mi ò dá wọn mọ̀ yàtọ̀. Mo ti rí ilé ìwẹ̀ tó tàn bí ọ̀run. Àmọ́ bílíìṣì á gbẹ, á sì kú fúnra rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ kì í kú bẹ́ẹ̀. Ẹ ti ibí pa. Kí ẹnikẹ́ni má da nǹkan kan sílẹ̀. Màá padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tó bá ṣì ń tan nígbà yẹn, òun la máa bá sọ̀rọ̀."

*

Wọ́n fi téèpù dí ilẹ̀kùn méjèèjì. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í pé jọ síwájú ìsọ̀.

"Aṣọ mi wà nínú ibẹ̀ o! Ṣé òun náà pààyàn ni?"

"Ìwọ ṣì ní aṣọ lára. Èmi, ṣòkòtò tí mo máa fi lọ síbi iṣẹ́ lọ́la ló wà látìmọ́lé."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Àmọ́ nígbà tí Funfun-Báláú yọjú lókè, ẹ̀rín náà dúró, wọ́n sì túká lọ́kọ̀ọ̀kan.

Lókè, ìyá rẹ̀ ń gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, ó ń kó àwo kúrò. Kò béèrè nǹkan kan. Bí ó bá fẹ́ kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ rẹ̀, á kó etí aṣọ rẹ̀ mọ́ra.

Alágbàfọ̀ náà ò lè sùn, kò sì lè jókòó. Ó ti yé e wàyí. Bílíìṣì tó fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ ọ́ di apànìyàn ni ìbòrí kan ṣoṣo tó ní. Lábẹ́ ìmọ́lẹ̀ ńlá náà, ẹ̀kán kékeré ìdí tábìlì ò lè hàn sí ẹnikẹ́ni. Bí ilẹ̀ sì ṣe ń gbẹ, bẹ́ẹ̀ ni aṣọ ń bọ́ lára rẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ láti òkè, bí ilẹ̀ náà ṣe ń gbẹ. Ó mọ̀ pé etí ò lè gbọ́ irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ó ń gbọ́ ọ.

Ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n padà wá, ó bá ara rẹ̀ níwájú ìsọ̀ pẹ̀lú ìgò bílíìṣì lábẹ́ apá. Àyè kan wà lábẹ́ ilẹ̀kùn iwájú, ó tó ìka méjì. Bó bá tẹ ìgò náà síbẹ̀, tó dà á, ilẹ̀ yóò gbé e dé ìdí tábìlì. Ìsọ̀ ara rẹ̀ ni. Ó mọ ibi tí omi ń ṣàn sí. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ti tú ìdérí.

"Bùọ̀dá Funfun!" Aránṣọ ni, láti òdìkejì. Ẹ̀rọ rẹ̀ ti dákẹ́. "Kí lẹ gbé dání yẹn?"

"Omi ni."

"Omi wo ló ń ta imú báyìí? Mò ń gbọ́ òórùn ẹ̀ níbi tí mo wà."

Ó dé ìgò náà. Ìkánjú ò jẹ́ kí ìdérí jókòó dáadáa.

"Ẹ má bínú sí mi," aránṣọ ní, ohùn rẹ̀ ti yí padà. "Ohun tí mo gbọ́ ni mo sọ. Wọ́n bi mí ni."

"Mi ò bínú."

"Tí ẹ ò bá ṣe nǹkan kan, kí lẹ wá ń bẹ̀rù?"

Ó gun àtẹ̀gùn padà, bílíìṣì sì ti jò sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀wù rẹ̀, ó ti jẹ àwọ̀ rẹ̀ kúrò.

*

Òkùnkùn kejì. Sìì, sìì. Ilẹ̀ ò tàn. Ó dúdú láti ẹsẹ̀ ògiri dé ẹsẹ̀ ògiri, bí inú ìkòkò, Funfun-Báláú sì gbọ́ tí ẹnì kan tú èémí sílẹ̀. Òun ni.

Lẹ́yìn náà ni Màdáàmù dé ìdí tábìlì.

Ó kéré. Kò tóbi ju èékánná lọ. Àmọ́ kò ṣẹ́jú, kò sì sá. Ó jókòó síbi tí ẹsẹ̀ tábìlì ti kan ilẹ̀, ó ń wò wọ́n.

"Ẹ bá mi gbé igi yìí," Màdáàmù ní.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ àti kọ́ńsítébù kan gbé e. Níbi tí bílíìṣì ò dé láti ìgbà tí tábìlì ti wà níbẹ̀, òrùka ìmọ́lẹ̀ kan hàn lórí sìmẹ́ńtì, ìdí igi náà sì tàn. Wọ́n ṣí fèrèsé. Ní ojú mọ́mọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀ ju igi dúdú lọ. Màdáàmù kúnlẹ̀, ó fi òwú orí ọ̀pá kékeré nù ún, ó kán omi kan sí i, ó dúró. Òwú náà funfun síbẹ̀. Ó kán omi kejì sí i. Òwú náà pọ́n.

"Ẹ̀jẹ̀ ni," Màdáàmù ní. Ó fi ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ ha igi náà sínú ike, ó lẹ ike náà pa. Ó bọ́ ìbọ̀wọ́, ó wọ tuntun, ó mú òwú mìíràn, ó ní kí Funfun-Báláú lanu. Ó nu inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí ìyá náà.

"Ẹ̀yin náà, mọ́mì."

"Èmi? Kí lẹ fẹ́ fi itọ́ arúgbó ṣe?"

"Àmì tí ọmọ gbà lára ìyá rẹ̀ wà nínú itọ́ náà, ó sì wà nínú ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ̀jẹ̀ yìí bá jẹ́ ti ọmọ yín, ara yín ló máa sọ fún wa."

Ìyá náà wo òwú náà pẹ́. Ó la ẹnu tí eyín iwájú méjì ti kúrò, ó sì di ojú.

*

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, tábìlì onírin kan wà, àga mẹ́rin, àti fáànù tó ń yí tí kò fẹ́ afẹ́fẹ́. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ jókòó síwájú alágbàfọ̀ àti ìyá rẹ̀. Màdáàmù jókòó sí ẹ̀gbẹ́, àpótí rẹ̀ wà lórí itan.

"Ẹ̀jẹ̀ ọmọ ìyá yìí ni," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní. "Kì í sì í ṣe tìẹ." Kò pè é ní bàbá mọ́. "O sọ fún mi pé o ò fọwọ́ kàn án."

Òótọ́ wà ní ọ̀fun Funfun-Báláú, ó kéré, ó rọrùn: imú rẹ̀ ni mo gbá. Àmọ́ ẹni tó ti sọ pé òun ò fọwọ́ kàn án, tó wá sọ pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni òun fọwọ́ kàn án, ta ló máa gbà pé kò ní kejì? Ó gbọ́ ìró ẹ̀wọ̀n ọwọ́ nínú àpò ọkùnrin náà. Ó wo Màdáàmù bí ẹni tó bọ́ sódò ṣe ń wo igi.

"Ìgbà wo ni ẹ̀jẹ̀ náà kán síbẹ̀?" Ó bi í, kò sì dá ohùn ara rẹ̀ mọ̀.

"Mi ò mọ̀," Màdáàmù ní. "Ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ẹni tó ni ín. Kì í sọ ọjọ́. Ó lè jẹ́ oṣù yìí, ó lè jẹ́ ọdún tó kọjá. Mi ò lè búra sí i."

"Ó ní ọjọ́," ìyá náà ní.

Gbogbo wọn yíjú sí i.

"Áyọ́ọ̀nù ló já bọ́ lé e lẹ́sẹ̀, ìgbà tó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀. Ọmọ náà ò wọ bàtà, mo ti ń bá a sọ ọ́. Èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ ṣí. Ó di ìdí tábìlì mú, ó ń sọ pé, 'Màámi, ẹ rọra, ẹ rọra.' Èmi ni mo fa aṣọ ya tí mo fi dì í. Èyí ò sí nílé. Ó lọ kó aṣọ."

Ó sọ ọ́ láì yára, láì dúró. Ó fi ọwọ́ hàn wọ́n bí òun ṣe di aṣọ náà, ó lọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó ta kókó rẹ̀.

"Kí ló dé tí ẹ ò sọ láti ọjọ́ yìí, mọ́mì?"

"Ta ló bi mí? Ẹ wá, ẹ bi ilẹ̀. Ẹ bi igi. Ẹ bi itọ́ mi. Ẹnu mi gan-an, ẹ ò bi í."

Kọ́ńsítébù ẹnu ọ̀nà pa ẹ̀rín mọ́ra. Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ nu ọrùn. "Màdáàmù?"

Màdáàmù ń wo ọwọ́ ìyá náà tó ṣì wà lókè bí ẹni tó di ẹsẹ̀ ọmọ mú. "Ohun tí mo rí ò ta ko ohun tí wọ́n sọ," ó ní. "Ohun tí mo lè sọ nìyẹn."

"Ẹ máa lọ," ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ní. "Ẹ má kúrò nílùú."

*

Oòrùn mú níta. Ìyá náà di ọwọ́ rẹ̀ mú bí ìgbà tó wà lọ́mọdé, wọ́n sì ń lọ lẹ́bàá ògiri níbi tí òjìji wà. Ọkàn Funfun-Báláú fúyẹ́. Ó ń ronú nípa áyọ́ọ̀nù náà. Ó mọ gbogbo áyọ́ọ̀nù tó ti já bọ́ rí nínú ìsọ̀ rẹ̀. Kò sí èyí tó já bọ́ lé ẹnikẹ́ni lẹ́sẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kì í bọ́ bàtà. Á fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ̀ ọ́ sùn.

Ó fẹ́ dúpẹ́. Ó ń wá bí òun ṣe máa sọ ọ́.

"Níbo lo gbé e sí?" ìyá rẹ̀ ní.

Ó dúró.

"Má dúró. Wọ́n lè máa wò wá. Máa rìn. Níbo lo gbé e sí? Mi ò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo kàn fẹ́ máa lọ jókòó níbẹ̀ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan."

"Màámi, mi ò pa á."

"Mo gbọ́."

"Mo gbá a ní ẹ̀ṣẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan. Imú rẹ̀ ló ṣẹ̀jẹ̀. Ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló fi rìn jáde."

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn lọ́jọ́ àkọ́kọ́?"

"Torí pé ẹ dúró lórí àtẹ̀gùn."

Ìyá náà mi orí. Kò bínú. Ọwọ́ rẹ̀ ò sì tú. "Ọmọ méjì ni mo bí," ó ní. "Èyí tó lọ, mi ò lè pè é padà. Èyí tó kù, ṣé kí n fi ẹnu ara mi tì í mọ́lé ni? Máa rìn, ọmọ mi. Nígbà tó bá rọ̀ ọ́ lọ́rùn, wàá fi ibẹ̀ hàn mí."

Nígbà náà ni ẹ̀rù tó ti jókòó lábẹ́ àyà rẹ̀ dìde gbọnrangandan. Ó rí bí ọjọ́ ṣe máa rí. Àwọn ọlọ́pàá á ti ìwé ọ̀ràn náà pa. Kò sẹ́ni tó máa wá ọkùnrin tó wà láàyè kiri ibùdókọ̀ àti ilé ìwòsàn. Ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ṣì máa wá a ni ìyá rẹ̀, ilẹ̀ sì ni yóò máa wò. Á máa se oúnjẹ fún òun. Á máa dúró de ọjọ́ tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Ó yí padà.

"Níbo lò ń lọ?"

"Mo fẹ́ lọ sọ bó ṣe jẹ́ fún wọn. Kí wọ́n lè máa wá a."

Ìyá náà fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀wù rẹ̀ mú. Agbára tó wà nínú ọwọ́ náà bà á lẹ́rù. "Wọ́n á dè ọ́! O fẹ́ sọ mí di onírọ́ níwájú wọn? O fẹ́ kí n pàdánù méjèèjì lọ́jọ́ kan?"

"Màá ní ẹ ṣì í rántí ni."

"Wọn ò ní gbà ọ́ gbọ́."

"Mo mọ̀, Màámi."

"Èmi gan-an ò gbà ọ́ gbọ́!"

Ó jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì sí bí ẹnikẹ́ni ṣe lè kó o padà. Ọwọ́ rẹ̀ dẹ̀ lára ẹ̀wù náà. Funfun-Báláú sọdá òpópónà lóun nìkan, ẹsẹ̀ rẹ̀ wúwo bí ẹni tó gbé omi dání.

Ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́ ṣì wà nídìí tábìlì onírin, ó ń jẹ ọsàn. Màdáàmù ti lọ.

"Kí lẹ gbàgbé?"

Ó gbé ọwọ́ rẹ̀ ọ̀tún sórí tábìlì náà, ó tẹ́ ẹ sílẹ̀.

"Ọwọ́ yìí ni," ó ní. "Mo lù ú."

Ọkùnrin náà gbé ọsàn sílẹ̀. Ó nu ìka rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, ó dìde, ó gba ẹ̀yìn alágbàfọ̀ kọjá, ó sì ti ilẹ̀kùn.